Sàláàdì Wàrà Sóyà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Dídín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ wàrà sóyà sí. Ní Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí, àti ní Sábó ní Ìbàdàn, ẹ ó rí àwọn tó ń dín in lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń wọ́n ata gígún lé e lórí. Àwọn Haúsá ń pè é ní àwárà, àwọn ará Ṣáínà àti Japan sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin kì í dín tirẹ̀. Sàláàdì ló ń fi í ṣe fún àwọn ará ilé rẹ̀, lẹ́nu rẹ̀ sì ni a ti gba ọ̀nà tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ẹni tó bá ti dín wàrà rí lè rò pé òun ti mọ ọ́n ṣe tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wàrà sàláàdì gbọ́dọ̀ le ju ti dídín lọ, ó sì gbọ́dọ̀ gba iyọ̀ sára nígbà tó ṣì gbóná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn, tí wọ́n á wá ní wàrà sóyà kò ní adùn.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí rẹ̀? Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, nǹkan bí 36 sí 40 gíráàmù ni purotéènì. Ẹ̀wà tí a ń sè lójoojúmọ́ kì í ju nǹkan bí 23 lọ. Nílé tí owó ẹran ti di ìṣòro, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀wà tí ẹ ó lò

Moor Plantation ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin sóyà ní Nàìjíríà, ní 1908, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó wọ ilé ìdáná wa. Àwọn irúgbìn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx, tó ti ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn jáde, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn ín ní Òkè-Ògùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù lóko. Bí èèpo rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ẹ gé e. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èèpo á là fúnra rẹ̀, ẹ̀wà á sì dà sílẹ̀ fún ẹyẹ. TGx 1448-2E kì í tètè là, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ nígbà ìkórè.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jà, kí ó béèrè tọdún yìí. Sóyà tó ti pẹ́ nínú àpò, pàápàá nínú yàrá tó gbóná, kì í mú wàrà púpọ̀ jáde mọ́. Ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, ẹ ṣa èyí tó dúdú àti èyí tó ti bu, ẹ dà wọ́n nù. Ẹ má kó èyí tó bu fún adìyẹ.

Ṣíṣe wàrà

Fún ènìyàn mẹ́fà, ìdajì kílò sóyà tó. Bí agolo mílíìkì 4 tó kún ni. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Nígbà ooru, wákàtí 6 sí 8 ti tó, bó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ yóò kan. Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ bó èèpo tó bá ṣeé bó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ni ẹ gbé e lọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kí ó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀rọ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàrà yín á pupa, á sì ta.

Ẹ pò ó mọ́ omi tó mọ́, kí gbogbo omi tí ẹ bá lò má ju lítà 4 lọ. Ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ gbé omi rẹ̀ kaná nínú ìkòkò tó tóbi ju bí ẹ ti rò lọ. Sóyà máa ń ru sókè bí ọṣẹ kí ó tó hó ní ti gidi. Ẹ̀tàn ni ìrusókè àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, èyí kò sì dára, nítorí pé èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí purotéènì inú oúnjẹ dà nínú ikùn. Iná ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó kó má baà jóná nídìí, ẹ jẹ́ kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 sí i.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ 4 tàbí 5 tí ẹ là mọ́ kọ́ọ̀pù omi kan lè mú un dì. Omi ògì tó ti kan náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi ń lò. Ó ní ọsàn máa ń fi adùn tirẹ̀ sílẹ̀, pé òun fẹ́ kí ọsàn wọlé ní ìgbẹ̀yìn nìkan. Kọ́ọ̀pù omi ògì méjì ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣù, tí omi ààrin rẹ̀ mọ́, tó sì pọ́n díẹ̀, ó ti dì nìyẹn. Bí omi rẹ̀ bá ṣì funfun, ẹ fi díẹ̀ kún un. Àwọn kan ń lo álọ́ọ̀mù. Èmi kò gbà á níyànjú fún ilé, torí pé bó bá pọ̀ díẹ̀, wàrà á korò.

Ẹ dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, ẹ di í, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e. Fún dídín, ìṣẹ́jú 20 tó. Fún sàláàdì, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lábẹ́ ẹrù tó tó bíi kílò 3 tàbí 4. Wàrà tí ẹ bá gé tí kò fọ́ wẹ́wẹ́ ni a ń wá.

Sàláàdì fúnra rẹ̀

Ẹ gé wàrà ní ìlọ́po méjì ṣúgà oníhóró. Ẹ gbé lítà omi kan kaná, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kékeré 2 sí i, pẹ̀lú ááyù àti atalẹ̀ tí ẹ ti gún. Bó bá ti hó, ẹ kó wàrà sí i fún ìṣẹ́jú 10. Omi oníyọ̀ yìí ń jẹ́ kí ó tún le sí i, ó sì ń gbé adùn wọ inú rẹ̀.

Kí wàrà tó jinná, ẹ ti ṣe ọbẹ̀ tí ẹ ó dà lé e. Ọ̀rẹ́ mi kì í lo kírìmù inú ìgò. Ẹ̀pà yíyan ló ń lọ̀, bí ẹ̀kúnwọ́ méjì, lẹ́yìn tó bá ti ṣa èyí tó bu àti èyí tó ṣú kúrò. Yóò fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ 2 pò ó, òróró ṣíbí ìjẹun 2, ata gígún, iyọ̀ díẹ̀, àti omi gbígbóná títí yóò fi ṣàn bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú. Ẹ tọ́ ọ wò. Kí kíkan rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ díẹ̀, nítorí wàrà àti kábéèjì á dín kíkan náà kù.

Ẹ sẹ́ wàrà kúrò nínú omi. Bí èéfín ṣì ti ń jáde lára rẹ̀, ẹ da ìdajì ọbẹ̀ yẹn lé e, ẹ yí i pọ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Wàrà tó ti tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ fa nǹkan mu mọ́, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ata á wà.

Ní ti ẹ̀fọ́: ìdajì orí kábéèjì, kárọ́ọ̀tì 3, kùkúḿbà 2 tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, tòmátì líle 3, àlùbọ́sà kan, àti ewé ẹfinrin díẹ̀ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹfinrin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, òun nìkan ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu. Tòmátì ni kó wọlé gbẹ̀yìn, nítorí omi rẹ̀. Ẹ da ọbẹ̀ tó kù lé e nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Bí ara ẹnì kan nínú ilé kò bá gba ẹ̀pà, ẹ̀gúsí yíyan tí ẹ lọ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba sóyà, kí ó má jẹ ẹ́ rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀fọ́ tútù

Wàrà ti gba iná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀fọ́ kò gba iná rárá. Ibẹ̀ ni onígbá-méjì àti ìgbẹ́ gbuuru ń gbà wọlé. Ẹ ya ewé kábéèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ da omi tó mọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi kànga, ẹ sè é kí ó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó lò ó. Iyọ̀ tí a máa ń fi sínú omi ń lé kòkòrò tó fara pamọ́ sínú ewé jáde ni, kì í pa kòkòrò àìfojúrí tán. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ má sì lo pátákó tí ẹ fi gé ẹran.

Bí ẹ bá ti yí i pọ̀ tán, ẹ jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì. Wàrà tí ẹ kò tíì yí pọ̀ lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 3, nínú omi tó mọ́ tí ẹ ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Níbi tí kò sí iná mànàmáná, ẹ ṣe ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán.

Eèrí àti omi tó ṣẹ́kù

Ní ọ̀nà tí a gbà ṣe é yìí, eèrí inú asẹ́ kò tíì gba iná. Ẹ sè é fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó fi í sínú oúnjẹ adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà. Kì í pẹ́ kan, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lò ó. Omi tó sẹ́ lára wàrà, ẹ bu kọ́ọ̀pù méjì rẹ̀ sínú ike tó mọ́, kí ẹ dé e. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan, òun ni ẹ ó sì fi mú wàrà tó ń bọ̀ dì, láìra ọsàn.