Mo fi láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sílẹ̀, mo gba ThinkPad

Híńjì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń ṣí láptọ́ọ̀pù mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbọ́ “káú”, igun òsì rẹ̀ là, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń lò ó. Orúkọ oríṣi rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, ìwé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí Ojúde Ọba bá ń bọ̀. Ètò ìsìnkú méjì ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, òkú ò sì ní dúró de híńjì.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún un ṣe lọ́nà Fọlágbadé tú u sílẹ̀. “Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan. RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ sí, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Bàtìrì rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Híńjì wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ike tó di híńjì mú ló fọ́.” Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún méjì. Síbẹ̀, oríṣi kan náà ni mo tún fẹ́ rà, torí pé ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má dán an wò, kí n wá ThinkPad T480.

Mo bi í pé kí ló ṣe T470, tí owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àlàyé tó ṣe yé mi. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ni wọ́n ń tì lẹ́yìn báyìí, nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ń ṣe, ìran kẹjọ sókè nìkan ló sì ń gbà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ìran kẹjọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ T480, tó jáde lọ́dún 2018, T470 kò ní in. Àtijọ́ tèmi náà kò ní in, n kàn ń fojú fò ó ni. ThinkPad fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná: IBM ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1992, Lenovo gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2005.

Àárọ̀ kùtù la gba Ṣàgámù já sí Bẹ́jà, a sì dé Computer Village n'Íkẹjà kí ọjà tó kún. Tòkunbọ̀ la wá. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún wa ń dán yinrin. Ọmọkùnrin náà tàn án, ó tẹ F1 kí Windows tó wọlé láti ṣí ètò inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Olùtajà ní, “Mọ̀mí, kékeré nìyẹn, a máa já a.” A gbé e kalẹ̀ fún un. Àgádágodo yẹn kì í ṣe ti Windows, bí ẹ fi Windows tuntun sí i nígbà ogún, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Èkejì wọlé láìbéèrè nǹkan. A ṣí Notepad, mo tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin náà kọ powercfg /batteryreport sínú fèrèsé dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ìwé kan jáde tó ń sọ ohun tí bàtìrì ń gbà nígbà tó jẹ́ tuntun àti ohun tó ń gbà báyìí. Bàtìrì méjì ni T480 ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti inú ṣì dára. Ti ẹ̀yìn tó yẹ kó gba 24 Wh (bí wọ́n ṣe ń wọn iná inú bàtìrì), 11 péré ló kù. Mo gbé ìwé náà sójú olùtajà, mi ò sọ̀rọ̀. ₦330,000 ló pè, ₦285,000 la parí ẹ̀ sí. Ó ní, “Mọ̀mí, Ìjẹ̀bú ni yín, àbí?” Mo ní kó fi báàgì sí i.

Kíkó ẹrù kò rọrùn tó bí mo ṣe rò. Nígbà tí ojú àtijọ́ ti kú, ọmọkùnrin náà yọ SSD inú rẹ̀, ibi tí gbogbo fáìlì mi wà, ó fi sínú ike oníwáyà USB, ó so ó mọ́ tuntun. Ni kọ̀ǹpútà bá ní kí a mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, àgádágodo tí Windows fi ń ti fáìlì pa, nọ́ńbà 48! Mi ò mọ̀ pé mo ti ohunkóhun pa rí. Àṣé nígbà tí mo fi àkáǹtì Microsoft mi wọlé lọ́jọ́ kìn-ín-ní ló ti ti ara rẹ̀. Àkáǹtì yẹn náà la ti rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún lórí fóònù mi. Ó ń pè é ní mẹ́fà-mẹ́fà, èmi ń tẹ̀ ẹ́, ìgbà mẹ́jọ. Àwọn yòókù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, WhatsApp àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò mú wa pẹ́.

Fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, ni mo gbàgbé. Ọmọ olóògbé kan wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ síkírínì: “Àǹtí, kí ló ṣe orúkọ màmá mi?” Àpótí kéékèèké ló jókòó síbi tó yẹ kí àmì wà. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, lẹ́tà kan àti àmì kan ni, fọ́ǹtì ló ń dé e lé e lórí. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n dé, á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí. Charis SIL ni mo gbé wọlé, ọ̀fẹ́ ni, mo sì fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún un láti ibi ètò èdè Windows.

Ìka mi ló pẹ́ jù kó tó gbà. Lórí ThinkPad yìí, Fn ló wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí mo ti mọ Ctrl tí mo fi ń da ọ̀rọ̀ kọ sí. Mo rò pé mo ti da orúkọ àwọn ọmọ olóògbé kọ, mo fi máòsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé, nọ́ńbà àkáǹtì tí mo fi sanwó ọ̀dà ìtẹ̀wé ló jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jà kí ọmọkùnrin náà tó fi hàn mí: F1, Config, Keyboard/Mouse, a pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Àkọlé ara bọ́tìnì ò yí padà, ṣùgbọ́n ìka mi kì í kàwé. Ohun pupa róbótó bí ojú ológbò tó wà láàárín G, H àti B, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo ti ra bàtìrì ẹ̀yìn mìíràn, 72 Wh. Wọ́n mú iná lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí alága rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan jókòó tì mí, mo yọ ti ẹ̀yìn, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, ti inú gbé e dúró, iṣẹ́ ò sì já. Ihò RAM méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣì ṣófo. Owó ìwé Ojúde Ọba ló máa dí i.

Ọmọkùnrin náà ní kí n fún òun ní àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, pé òun á tú u lò. Mo ní kó mú owó wá.