Bí Awakọ̀ Bàálù Ṣe Ń Mọ Gíga Tó Kù Kó Tó Balẹ̀ N'Ìkẹjà

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, bàálù VC10 ti Nigeria Airways já lulẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ wá balẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ìwádìí fi hàn pé ó jọ pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ga tó gan-an, tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ jù láì tíì rí ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dènà irú ẹ̀ nìyí.

Àltímítà, irinṣẹ́ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó, ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣètò. Irinṣẹ́ yìí kò rí ilẹ̀ rárá, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n. Lókè réré, hectopascal (ẹyọ ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́) 1013 ni gbogbo bàálù ń yí i sí. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ á fún wọn ní iye ti àkókò náà, tí wọ́n ń pè ní QNH. Awakọ̀ á tún un pè sí wọn létí, òun àti igbákejì rẹ̀ á sì wò ó bóyá tiwọn bára mu. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Ẹyọ kan péré tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27. Bí wọ́n bá pe 1011, tí ẹnì kan wá yí i sí 1021, irinṣẹ́ á fi nǹkan bí 270 bù mọ́ gíga ọkọ̀. Lóru, tàbí nígbà tí eruku ọyẹ́ bo Èkó, ojú lásán kò lè já irọ́ yẹn.

Orí òkun ni QNH ti ń kà, pápákọ̀ Ìkẹjà sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 135 ga ju òkun lọ. Tí àltímítà bá ka 1,135, ẹgbẹ̀rún kan ló kù.

Ìṣirò ló kàn: máìlì ojú omi tó kù, ní ọ̀nà 300. Ní máìlì 10, kí gíga tó 3,000. Ní 5, kó tó 1,500. Bó bá dín púpọ̀, ọkọ̀ ti wálẹ̀ jù.

Ẹnì kan á máa wa ọkọ̀, ẹnì kejì á máa ké gíga síta: 1,000, 500. Irinṣẹ́ mìíràn tó ń ta ìgbì rédíò sílẹ̀ náà ń fi ohùn kà á. Nínú bàálù kan tó já nítòsí Miami, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1972, gílóòbù kan tí kò tàn ló gba ọkàn gbogbo àwọn awakọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i pé ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 sí ilẹ̀, tí wọn kò bá rí iná pápá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbéra padà. Èrò máa ń kùn nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yípo wọn.