AI ń sọ ohun tí kò sí, ó sì ń falẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi módẹ́lì AI kan ṣe ètò tí yóò máa dá àwọn àgbẹ̀ lóhùn ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ nígbà mìíràn á dárúkọ oògùn apakòkòrò tí kò sí rárá. Kí ló ń ṣe é?

Ìdáhùn: Módẹ́lì fúnra rẹ̀ kì í lọ wo ìwé kankan kó tó dáhùn, àyàfi bí ètò kan bá bá a wá a. Ó ti ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ohun tó sì mọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ohun tó bá jọ òótọ́ ló máa sọ, yálà ó jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ ẹ.

Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hun fúnra rẹ̀ lọ síwájú adájọ́, nínú ẹjọ́ tí oníbàárà wọn pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Agbẹjọ́rò ní ìwé òfin tó lè yẹ̀ wò. Àgbẹ̀ tó dúró sínú oko pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kò ní, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín fi ká mi lára.

Ẹ má jẹ́ kó dáhùn láti orí. Ẹ kó àwọn ìwé tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jọ, kí ètò yín wá ìpínrọ̀ tó bá ìbéèrè mu, kó gbé e síwájú módẹ́lì, kó sì pàṣẹ pé inú ibẹ̀ nìkan ni kó ti mú ìdáhùn. RAG ni wọ́n ń pè é láti 2020. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé ó lè sọ pé, "Kò sí nínú ìwé tí mo ní." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé gbólóhùn yìí. Módẹ́lì tí a kò bá fún láyè àtisọ pé òun kò mọ̀ yóò wá nǹkan sọ.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe RAG yẹn. Ìdáhùn wà nínú ìwé tí mo kó síbẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ò rí i.

Ìdáhùn: Àmì orí ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹnì kan á tẹ lẹ́tà ẹ, á fi àmì ohùn lé e: ó di nọ́ńbà méjì. Ẹlòmíràn á tẹ lẹ́tà e lásán, á fi àmì sábẹ́, á tún fi òmíràn sórí: ó di mẹ́ta. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí é, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èmi náà ti jókòó ti irú àṣìṣe yìí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo ń da módẹ́lì lẹ́bi.

Ẹ sọ gbogbo ìwé di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà tẹ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tó tọ́jú wọn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbéèrè tó bá wọlé. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì tí kò ní àmì, fún wíwá nǹkan nìkan. Ẹ̀dà tó ní àmì ni kí módẹ́lì máa kà. Ẹ má yọ àmì dànù pátápátá o: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ kán kọ́ ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

Bí kò bá tíì yanjú, ẹ fi ojú ara yín ka àwọn ìpínrọ̀ tí ètò náà wá jáde. Bí èyí tó yẹ kò bá sí lára wọn, ibi wíwá ni àléébù wà. Bó bá wà níbẹ̀ tí ìdáhùn ṣì wọ́, ẹ yẹ àṣẹ yín tàbí módẹ́lì wò. Ẹ tún wò ó bóyá ibi tí ẹ ti gé ìwé ló ya orúkọ oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n rẹ̀. Ìyẹn léwu gan-an.

Ìbéèrè: Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ti àná.

Ìdáhùn: Ẹ gbé temperature, ìyẹn nọ́ńbà tó ń pinnu bí módẹ́lì ṣe ń yí ọ̀rọ̀ tó ń yàn padà tó, wá sí 0. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ṣì lè wà bí ẹ bá ń lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbé módẹ́lì tó ní nọ́ńbà (parameter) bílíọ̀nù 7 nínú sórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 8 lọ.

Ìdáhùn: Bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 16, gígábáìtì 14 ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà. Bí ẹ bá fún un pọ̀ sí bíìtì 4, ó di nǹkan bíi 3.5, pẹ̀lú àlékún díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ń kà lọ́wọ́. Quantization ni wọ́n ń pe èyí, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ llama.cpp sì lè bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń dín òye rẹ̀ kù díẹ̀, nítorí náà Yorùbá ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ti Yorùbá fi ń gba owó àti àkókò ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ?

Ìdáhùn: Token, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí módẹ́lì ń lò, ni wọ́n ń kà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣètò bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ sí token. Ọ̀rọ̀ wa tó ní àmì lè já sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi ìpínrọ̀ mẹ́ta tó dára ránṣẹ́ dípò ogún. Kí àṣẹ tí kì í yí padà wà níwájú, kí ìbéèrè wà lẹ́yìn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dín owó apá iwájú tó bá jẹ́ ọ̀kan náà kù.

Ìbéèrè: Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń dára sí i lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ìbéèrè 50 sílẹ̀ lónìí, kí mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé yín. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ oko bá yín kọ ìdáhùn tó tọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún bi í ní gbogbo 50 náà. Bí iye tó gbà bá lọ sílẹ̀, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.