Bí ẹ ṣe máa fi Moodle mọ ọmọ tó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ tó kàn wọlé

Ẹ̀yin tíṣà wa tẹ́ ẹ ń fi Moodle, ìyẹn sọ́fíwià tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́ àwọn ọmọ níbí l'Ábújá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe lẹ́sìnnì JAMB ní Kubwa àti Nyanya, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi pé ọmọ wọlé ṣe ẹ̀rí pé ó kàwé o. Nǹkan kan wà nínú Moodle tí wọ́n ń pè ní activity completion, òun ló máa sọ fún yín ẹni tó ṣe é àti ẹni tí ò ṣe é, ẹ ò sì ní sanwó kankan lé e.

Ẹ lọ sí settings kọ́ọ̀sì yín, ẹ wá Completion tracking, kẹ́ ẹ fi sí Yes. Tẹ́ ò bá rí i níbẹ̀, admin, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó Moodle yín, ni ò tíì ṣí i, Site administration ló máa wọ̀, lábẹ́ Advanced features.

Inú activity kọ̀ọ̀kan, ìyẹn quiz, assignment tàbí ìwé tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, niṣẹ́ wà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ṣí settings ẹ̀ tẹ́ ẹ wá wo ìsàlẹ̀, ẹ lè fi sílẹ̀ láìní nǹkan kan, ẹ lè ní kí ọmọ fúnra ẹ̀ máa tẹ Mark as done, tàbí kẹ́ ẹ mú Add requirements, kí Moodle máa máàkì í fúnra ẹ̀. Mi ò fẹ́ Mark as done fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì rárá, torí wọ́n lè jókòó kan tẹ gbogbo ẹ̀ tán láìkà nǹkan kan. Add requirements ni kẹ́ ẹ lò.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ mú ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè. View the activity ò ju pé ọmọ ṣí i lọ, bóyá ó kà á bóyá kò kà á, Moodle ò mọ̀, torí náà ìwé PDF nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Assignment, ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kó tó kà. Quiz, ẹ mú passing grade, kẹ́ ẹ sì rántí kọ Grade to pass, ìyẹn máàkì tó kéré jù tọ́mọ fi máa yege, síbi Grade, torí láìsí i kò sí bí Moodle ṣe fẹ́ mọ ẹni tó yege. UTME ní ìbéèrè 60 fún English, 40 fún ìyókù, tẹ́ ẹ bá ṣe quiz Físíìsì tó jẹ́ máàkì 40, ẹ lè fi 24 ṣe pass.

Gbogbo èyí, ẹ ṣe é tán kí ọmọ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti parí activity yẹn, Moodle á ti settings completion ẹ̀ pa, tẹ́ ẹ bá sì ṣí i tipátipá, ó lè pa àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ rẹ́, á gbìyànjú láti tún èyí tó lè ṣírò ṣe, àmọ́ èyí táwọn ọmọ fọwọ́ tẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Láti wo àbọ̀ ẹ̀, ẹ wọ Reports, kẹ́ ẹ tẹ Activity completion. Orúkọ àwọn ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, activity á wà lókè, ẹni tó ti ṣe é á ní tíìkì. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ pín wọn sí group, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀, ẹ sì lè dáùnlóòdù gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ fi Excel ṣí i. Tí ọmọ bá kọ iṣẹ́ sínú ìwé torí kò síná, ẹ lè tẹ àpótí ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ fúnra yín fún un ní tíìkì, tí admin bá ti fún yín láyè.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ọmọ tó ń gbé Mararaba tí dátà ẹ̀ ti tán lè ti fi app Moodle gbé iṣẹ́ sórí fóònù kó sì ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà quiz pàápàá, tẹ́ ẹ bá ti fàyè gbà á nínú settings ẹ̀ tẹ́ ò sì fi àkókò dè é. Tíìkì ẹ̀ ò ní yọ sí yín àfi tí app bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sì fi í ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kó tan dátà, kó ṣí app náà, kó ṣe synchronise, kẹ́ ẹ tún report wò, kẹ́ ẹ tó pe ìyá ẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́.