"Màmi, Ẹyin Rẹ̀ Dà?": Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Mi Láti Yẹ Ìpolówó Wò

Mo ń ta prófíṣọ̀n ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nítorí náà ẹ má rò pé mo kórìíra ọjà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bú sẹ́kún nídìí abọ́ noodles. "Màmi, ẹyin rẹ̀ dà?" Ó ti rí ẹyin sísè, itan adìẹ àti kárọ́ọ̀tì lára ọ̀rá, ó sì gbà pé inú ọ̀rá ni gbogbo wọn wà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kí àánú rẹ̀ tó ṣe mí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ eré kan nìyẹn. Ẹ ra ọ̀rá kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ tú u fúnra rẹ̀, kó to ohun tó bá níbẹ̀ sórí àwo. Tiwa jẹ́ noodles gbígbẹ, èlò nínú ọ̀rá pẹ́ńpẹ́ àti òróró díẹ̀. Kó wá gbé àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kó máa fìka tọ́ka: èyí wà, èyí ò sí. Kí ẹ̀yin dákẹ́. (Èyí ló nira jù fún mi.)

Ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló dùn mọ́ wa jù. Nínú ìpolówó, ọmọ á mu ún tán, á gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Ẹ yí ìgò padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí. Tó bá jẹ́ gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100, gíráàmù 33 ló wà nínú ìgò 33cl (mìlílítà 330). Ṣíbí tíì kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 lọ. Ẹ fún ọmọ ní ṣúgà àti ife tó ń fi inú hàn, kó máa bù ú, kó máa kà á. Ó máa kọjá 8. Nígbà tí tèmi bu ìkarùn-ún, ó wojú mi: "Màmi, ṣé kò tíì tó ni?" Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà gan-an, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ó sàn kó má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́.

YouTube le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìpolówó ibẹ̀ kì í jọ ìpolówó. Ọmọ kan á máa tú páálí ohun ìṣeré tuntun, á máa pariwo ayọ̀. Tiwa á rò pé ọ̀rẹ́ òun ni. Mo máa ń dá fídíò náà dúró, mo á bi í pé: "Ta ló ra nǹkan yẹn fún un?" Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò ní lóye ìbéèrè yìí, ẹ kàn jókòó tì í, tàbí kí ẹ pa fídíò náà. Ní Québec, ní Kánádà, òfin ti ka ìpolówó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 léèwọ̀ láti 1980. Níbí, àwa òbí ni òfin.

Nínú ìsọ̀ mi, mo ti kó bísíkíìtì tó ní àwòrán kàtúùnù kúrò lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ọmọdé ń bá a. Òkè ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. Kò tà bíi tẹ́lẹ̀ mọ́.