Bí A Ṣe Ń Ṣe Áàpù Tó Ń So Òṣìṣẹ́ Tó Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Pọ̀ Mọ́ Olùtọ́nisọ́nà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń wá ẹni tí yóò fi iṣẹ́ hàn án, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́ ti kọjá ìyẹn. Ìbéèrè tirẹ̀ máa ń ṣe pàtó. Akáùntáǹtì tó ti gba ìwé ẹ̀rí ICAN, tó sì ti ń yẹ ìwé owó wò fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́, fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun lọ di ọ̀gá ìṣúná nílé-iṣẹ́ kan ṣoṣo; nọ́ọ̀sì tó ti di ọ̀gá ní Ìbàdàn fẹ́ mọ ipò tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ bí òun bá dé Ìlú Ọba. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe áàpù fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wọn ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀ mọ́ olùtọ́nisọ́nà, ẹ má fi orúkọ iṣẹ́ so wọ́n.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tí yóò kọ kóòdù, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe alárinà fún bí ogún ènìyàn. Fọ́ọ̀mù Google àti WhatsApp tó fún ìyẹn. Ohun tí ẹ óò tètè rí ni pé àwọn tó ń wá ìtọ́sọ́nà pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tó lè tọ́ni sọ́nà kò tó nǹkan, àwọn díẹ̀ tó sì gbà kò ráyè. Àkókò olùtọ́nisọ́nà ló wọ́n jù nínú gbogbo ètò yìí, áàpù náà sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ná. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wọn sọ iye ènìyàn tí agbára rẹ̀ ká, ìbáà ṣe ẹyọ kan. Bí iye náà bá ti pé, kí áàpù fúnra rẹ̀ fi orúkọ olùtọ́nisọ́nà náà pamọ́. Ó nira fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti kọ̀ fún ẹni tó bá kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a kàn máa ń dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń lé ẹni tó ń retí èsì lọ.

Ojú ìwé tí òṣìṣẹ́ ti ń kọ ìbéèrè rẹ̀ ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Bí ẹ bá kọ «Ẹ sọ nípa ara yín» síbẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé ni ẹ óò gbà. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ìpinnu wo ló wà níwájú rẹ̀, ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ló sì ti gbìyànjú? Ẹ má jẹ́ kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ju gbólóhùn méjì lọ. Bí ẹnì kan bá kọ «Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ tọ́ mi sọ́nà», olùtọ́nisọ́nà kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ «Wọ́n ní kí n wá di ọ̀gá ẹ̀ka wa ní Port Harcourt, àwọn ọmọ mi sì wà nílé-ìwé l'Ékòó, mo gbọ́dọ̀ fèsì kí oṣù kẹsàn-án tó parí», ẹni tó ti la irú rẹ̀ kọjá yóò ti mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní ti bí a ó ṣe mú ẹnì kan fún ẹnì kejì, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, David Gale àti Lloyd Shapley, ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1962, tí irú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín àwọn dókítà tuntun sí ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Ohun tó yẹ kí ẹ mú nínú rẹ̀ ni pé ìhà tó bá ń kọ́kọ́ nawọ́ yan ẹnì kejì ni àbájáde rẹ̀ máa ń dára fún jù. Ẹ kò nílò ìṣirò náà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ṣùgbọ́n mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jẹ́ kí olùtọ́nisọ́nà ni yóò máa yàn: ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta tó sún mọ́ ìrírí rẹ̀ hàn án láìsí orúkọ, kí ó mú èyí tó bá wù ú.

Àìsí orúkọ yẹn tún ń bo àṣírí. Àwọn ọ̀gá báǹkì l'Ékòó mọ ara wọn, ẹni tó ń ronú àtikúrò níbi iṣẹ́ kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá òun. Ẹ jẹ́ kí ó lè dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ rí ìbéèrè rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, sì fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ pa ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi bọ́tìnnì rẹ̀ síbi tí ojú yóò ti tètè rí i. Ẹ fi bọ́tìnnì mìíràn sí ojú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀, tí obìnrin tí ẹnì kan ń yọ lẹ́nu yóò fi fẹjọ́ sùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ń ti báǹkì bọ́ sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè bá olùtọ́nisọ́nà ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n pàdé. Kí áàpù máa fi «ẹ» bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, kí ó sì bi olúkúlùkù bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Àyè òfìfo ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè to gbogbo Ẹnjiníà, Alàgbà àti Alhaja tán.

Ìpè lásán ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ìpàdé. Fídíò ń jẹ dátà. Ẹ tún ṣọ́ra fún aago. Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: aago London bá ti Èkó mu nígbà ooru wọn, ó sì fi wákàtí kan gbẹ́yìn láti ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ fi àkókò pamọ́ ní UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n fi dá ìpàdé náà, kí olúkúlùkù rí i ní aago tirẹ̀.

Ẹ ya ojú ìwé gbogbo nínú Figma, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya bí áàpù yóò ṣe rí kí wọ́n tó kọ kóòdù rẹ̀, kí ẹ fún ènìyàn márùn-ún lò, kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn láìsọ̀rọ̀. Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù, lè mú kóòdù kan ṣiṣẹ́ lórí Android àti iPhone, ṣùgbọ́n Android ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde: dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Google Play ń gbà, nígbà tí Apple ń gba mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí iye àwọn tó gba áàpù sórí fóònù wọn tàn yín jẹ. Iye àwọn méjì-méjì tó tún pàdé lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹ rán wọn létí ni kí ẹ máa kà.