Bí A Ṣe Ń Mú Bẹ́líìtì Táímíǹgì Tó Dẹ̀ Le Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Bẹ́líìtì táímíǹgì ni ó so kíráńkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ̀ mọ́ kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù lókè, òun náà ni ó sì ń rí i dájú pé bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù yóò yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìbáramu yìí ni ó ń jẹ́ kí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ṣí kí ó sì padé ní àsìkò rẹ̀. Bí bẹ́líìtì náà bá dẹ̀, ó lè fo eyín kan tàbí méjì lórí kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó gbé e ká. Nínú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) àti fáàfù ti jọ ń lo àyè kan náà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fífò bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn méjèèjì kọlu ara wọn, kí fáàfù sì tẹ̀, débi pé iṣẹ́ tí ìbá gba wákàtí díẹ̀ yóò di títú orí ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Bẹ́líìtì yìí kì í ṣàdédé dẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó mú sípánà. Rọ́bà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn fọ́nrán tó le wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó nà bí rọ́bà lásán ṣe ń nà. Nítorí náà, nígbà tó bá dẹ̀, ibòmíràn ni àléébù sábà máa ń wà: sípíríìn tẹ́ńsọ́nà, ohun tó ń fi púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré) ti bẹ́líìtì kí ó lè le, lè ti rẹ̀, bíárìn púlì rẹ̀ lè ti jẹ, bọ́ọ̀tì rẹ̀ sì lè ti tú díẹ̀ nítorí pé wọn kò dì í le tó nígbà àtúnṣe tó kọjá. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé bẹ́líìtì yìí kan náà ni ó ń yí wọ́tà pọ́ńpù, bíárìn pọ́ńpù náà kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú ìwádìí. Ẹni tó bá kàn mú un le láì wádìí ohun tó mú un dẹ̀ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ yìí láìpẹ́, bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì bàjẹ́ kó tó padà dé.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Kì í ṣe torí kí ó má baà jó yín lọ́wọ́ nìkan: irin ẹ́ńjìnnì máa ń wú nígbà tó bá gbóná, ó sì máa ń fa bẹ́líìtì le ju bó ṣe yẹ lọ, tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ẹ rò pé ó le nígbà náà yóò tún dẹ̀ bó bá tutù. Ẹ yọ wáyà bátìrì, ti ẹ̀gbẹ́ òdì (èyí tó ní àmì −) ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi ohun líle há táyà, bó bá sì di dandan kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ má ṣe wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kí ó lè rọrùn láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ yọ bẹ́líìtì kékeré tó wà lójú ọ̀nà, kí ẹ tó tú ìdérí bẹ́líìtì táímíǹgì. Ní àwọn ọkọ̀ mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ni yóò dí yín lọ́wọ́; kí ẹ tó tú u, ẹ fi jáàkì àti pákó ti ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀. Ẹ wá fara balẹ̀ wo bẹ́líìtì náà yí ká. Bó bá ti sán, bí eyín rẹ̀ kan bá ti já, bí etí rẹ̀ bá ti ń tú fọ́nrán, tàbí bí ọ́ìlì bá ti kàn án, kò sí ohun tí mímú un le yóò ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dí ibi tí ọ́ìlì náà ti ń jò. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bó bá ti lo iye kìlómítà tàbí iye ọdún tí ìwé ọkọ̀ fi lélẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí bọ́ọ̀tì kíráńkì, kí ẹ yí i sí ìhà tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìhà tí ọwọ́ aago ń yí sí ni, bí a bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń yí sí òdì kejì. Ẹ má ṣe fi bọ́ọ̀tì kámúṣáàfù yí ẹ́ńjìnnì láé, torí pé bẹ́líìtì lè fo eyín níbẹ̀. Ẹ yí i títí àmì kíráńkì àti ti kámúṣáàfù yóò fi bọ́ sí ojú àmì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ní ìgbà tí písítìnì àkọ́kọ́ wà lókè pátápátá. Bí àwọn àmì náà kò bá bára mu, bẹ́líìtì ti fo eyín ná, kò sì sí bí mímú un le ṣe lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ ní láti tú u, kí ẹ sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irú tẹ́ńsọ́nà tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yín ni yóò sọ ohun tó kàn. Bó bá jẹ́ onísípíríìn, ẹ dẹ bọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, ẹ ti púlì sẹ́yìn, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kí sípíríìn fúnra rẹ̀ fà á le, lẹ́yìn náà kí ẹ di bọ́ọ̀tì. Ẹ má ṣe fi ọ̀pá irin tì í mọ́ bẹ́líìtì, torí pé agbára ọwọ́ ènìyàn ju ti sípíríìn lọ fíìfíì. Bó bá ní atọ́ka, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yí i títí atọ́ka yóò fi kan àlàfo tó wà níwájú rẹ̀, ẹ dì í mú síbẹ̀, kí ẹ tó di bọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, kò ní ohun kankan tí a ń tún ṣe; bó bá ń jò, tàbí bí ọwọ́ lásán bá lè ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì àgbà máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí bẹ́líìtì níbi tó gùn jù láàárín kẹ̀kẹ́ eléyín méjì: bó bá yí dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin òbìrí, ó tó, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ṣì dẹ̀. Ìdánwò yìí wúlò fún àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àmọ́ ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bẹ́líìtì tó le jù náà léwu, torí pé bíárìn tẹ́ńsọ́nà àti ti wọ́tà pọ́ńpù ni yóò jẹ. Ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára ìdì di bọ́ọ̀tì dé ìwọ̀n tí ìwé náà sọ.

Kí ẹ tó dá ohunkóhun padà, ẹ tún fi ọwọ́ yí kíráńkì ní òbìrí méjì gbáko, kí kámúṣáàfù lè pé òbìrí kan, kí ẹ sì tún wo àmì àti líle bẹ́líìtì. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá dúró gbagidi sójú kan, ẹ má ṣe fi agbára yí i. Ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti kan písítìnì, ọwọ́ nìkan ni ó sì ń jẹ́ kí èèyàn mọ èyí kí irin tó tẹ̀.

Bí àmì bá bára mu, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ so bátìrì, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí ìdérí bá ń dún bí ẹni pé nǹkan ń gbá a, bẹ́líìtì ṣì dẹ̀. Bí ohùn tín-ínrín bá ń jáde tó ń ga sí i bí ẹ ṣe ń tẹ iná, ó le jù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró kí ó tutù, kí ẹ sì padà sí ibi àmì.